Ààfin Etí Adágún Níbi Tí Ìkíni Ti Wọ́n

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀pà lápò, kí ó kó o síta kí á jọ máa jẹ ẹ́, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹnu gbígbẹ sọ. Èmi Ọdẹ́níran ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí tí ó gbàgbé pé òun ní ìwo, èmi tí àmọ̀tẹ́kùn pàdé lọ́nà oko tí ó yà sínú igbó kí n lè kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó lọ bi àmọ̀tẹ́kùn náà. Bí ó bá padà dé, kí ó wá sọ ohun tí ó gbọ́ fún wa. Mo ti rin ìrìn púpọ̀ nínú igbó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ju kí ẹ̀gún gún ènìyàn kí yànmùyánmú sì jẹ ẹ́ lọ, n kò sì ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá ti rántí rẹ̀. Ìyẹn ni ìrìn tí mo rìn dé ààfin olókùúta kan létí adágún, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ìbejì mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti fẹ́ra pẹ́ kí ọmọ tó dé. Àwọn tí a jọ gbéyàwó ti ń rán ọmọ wọn níṣẹ́, èmi ń rán ajá. Nígbà tí Ẹlẹ́dàá wá dá wa lóhùn, méjì ni ó kó fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkùnrin méjèèjì. Inú mi dùn débi pé mo kí òbúkọ tí ó so mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ó kú ewu ọmọ. Àní ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́tọ́lá, ẹni tí ó jẹ́ pé láti kékeré, bí n kò bá dọ̀bálẹ̀ kí n kí i, kò ní wo ibi tí mo wà, òun gan-an ni ó sáré wá ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, ìbora ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí ó ń ké láti òpópónà pé, ‘Ọdẹ́níran, ẹ kú ewu ọmọ o!’ Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sí igun àpò yín, a óò wá a bó bá yá.

Ní ìlú wa, ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ìbejì lórúkọ. Lóòótọ́, wọ́n ti mú Táyé àti Kẹ́hìndé wá láti ọ̀run, ṣùgbọ́n baba gbọ́dọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí yóò máa jẹ́, ẹnu baba ni ó sì yẹ kí orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Bí baba kò bá sí nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò sọ wọ́n. Ọdẹ́tọ́lá kò sì fẹ́ràn ohunkóhun láyé tó kí ó máa sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Òun ni ó sọ ọmọ àbúrò wa obìnrin ní Àgbàdógbó, nítorí pé ìgbà tí àgbàdo gbó ni wọ́n bí i. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, kò sì tíì dárí jì í. Èmi tí mo fi gbogbo ọdún àìrọ́mọbí kó orúkọ jọ sínú, ṣé kí n wá jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọmọ mi ní Ẹ̀ẹ̀rùndé?

Síbẹ̀, mo sọ fún Àwẹ̀ró pé n kò ní fi ẹran ọjà ṣe ìkómọ nígbà tí igbó ṣì wà níbi tí ó wà. Ó wò mí láti orí ẹní tí ó jókòó sí, ọmọ kan lọ́mú ọ̀tún, ọmọ kan lọ́mú òsì.

Ó ní, ‘Baba Ìbejì, kì í ṣe ẹran ni àwọn wọ̀nyí ń dúró dè. Ohùn yín ni. Ẹ lọ o, mo mọ̀ pé bí mo ní kí ẹ má lọ, ẹ ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ wọ́n lórúkọ fún mi.’

Mo ní, ‘Àwẹ̀ró, fọkàn balẹ̀. Kí wọ́n tó fi oyin kan ètè ọmọ, wàá gbọ́ ohùn mi.’

Mo mú ìbọn ṣakabùlà mi, mo gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, mo pe ajá mi. Máabínúlọ ni orúkọ ajá náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń sọ ajá ní orúkọ òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Láyé tiwa, bí o bá ní ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ fún aládùúgbò rẹ tí o kò fẹ́ kí ó dìjà, ajá ni ìwọ yóò sọ ní orúkọ náà, wàá sì máa pè é kíkan ní àràárọ̀. Ọdẹ kan wà ní ìdojúkọ ilé wa nígbà náà tí inú ń bí nítorí pé ẹfọ̀n tí òun dọdẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni mo pa á. N kò bá a jà. Ajá ni mo rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n fo inú igbó kọjá, igi àti ìtàkùn náà ni. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta ni mo ti rí baba kan tí ó jókòó sórí òkìtì ọ̀gán. Ìtàkùn ni irùngbọ̀n rẹ̀, ewé tútù hù lára rẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì kọ́lé síbẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, á sì bá wọn wí kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, ‘Ọdẹ, mo mọ ibi tí ẹfọ̀n wà. Bí o bá gba àlọ́ mi, màá fi ọ̀nà hàn ọ́. Bí o kò bá gbà á, wàá bá mi jókòó níhìn-ín kí o máa lé kòkòrò lára mi, títí irùngbọ̀n tìrẹ náà yóò fi hu ewé.’ Mo ní kí ó pa á. Ó wú ikọ́, ó ní kí àwọn ẹ̀gà dákẹ́, ó ní, ‘Kí ní ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba?’

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó ń rá kòrò ní abúlé wa mọ ìyẹn. Mo ní, ‘Baba, àgbàrá òjò ni.’

Ó mi orí, ẹyin ẹ̀gà kan sì já bọ́ láti inú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo gbá a mú kí ó má fọ́, mo dá a padà. Ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní, ‘O gbà á, ọmọ tí a kọ́. Ọ̀nà ọwọ́ òsì ni kí o tọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí o ń lọ yẹn, àgbàrá nìkan kọ́ ni kì í kíni níbẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ kọ́ ọ pé kí o máa ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́, má gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn.’ Mo dúpẹ́, mo lọ. Ta ni ó ráyè ronú lé ọ̀rọ̀ baba tí ẹyẹ ń gbé nírùngbọ̀n?

N kò rìn jìnnà tí mo fi rí ẹfọ̀n náà. Ẹ̀yin ará, ẹran ni! Mo rọra kúnlẹ̀, mo fojú sun ún, mo yìn ín. Ìbọn ró, ó bà á léjìká. Dípò kí ó kọjú sí mi kí á jà á bí akọni méjì, ó yí padà, ó sá. Máabínúlọ gbá tọ̀ ọ́, èmi náà gbá tẹ̀lé wọn, a la ẹrẹ̀ kọjá, a la ọ̀pọ̀ ọparun kọjá, lójijì ni igbó tán, tí oòrùn là mí lójú. Adágún ni ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó fẹ̀ débi pé ń ṣe ni àwọn igi etí rẹ̀ lọ́hùn-ún rí kóńkóló. Létí adágún yìí ni ààfin náà wà.

Mo ti rí ààfin rí. Mo ti rí odi ìlú tí ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ẹnu mi là, n kò sì rántí pa á dé. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òkúta tí ẹyọ kan tó akọ màlúù, wọ́n sì mú ara wọn débi pé abẹ kò lè wọ àárín wọn. Yàrà jíjìn yí odi rẹ̀ ká, omi adágún ni ó kún inú yàrà náà, odindi ìtì ìrókò ni wọ́n sì dá lé e bí afárá. Ilé ìṣọ́ gogoro méjì ni ó dìde lórí odi, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ga bákan náà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹfọ̀n mi gba orí ìrókò yẹn wọlé lọ gbàrà, ajá tẹ̀lé e. Mo ní, háà, ẹran ìkómọ mi kò ní ṣe àlejò ọba kí èmi dúró síta.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Mo ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ‘Ẹ kú ilé o, baba. Ẹ kú ìdúró o.’

Ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí dà lójú rẹ̀. Ó ní, ‘Tún un sọ.’ Mo tún un sọ, mo fi ẹ kú iṣẹ́ kún un, mo fi ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ lé e, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí nǹkan dún pàà. Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, òkúta ni baba náà! Òkúta ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sán, tí ó bó sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ìka sì yọ jáde, wọ́n ń mì. Ó tẹjú mọ́ wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní, ‘Ẹ̀yin ọmọ ìka mi, ẹ káàbọ̀.’

Adènà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ni ó ń dènà. Mo bi í pé, ‘Baba, ṣé wọn kì í kí yín nílé yìí ni?’ Ó ní, ‘Ọmọ mi, wọn kò tíì bí baba ńlá baba rẹ tí ẹnikẹ́ni ti kí ẹnìkejì gbẹ̀yìn níhìn-ín. Ẹni tí a kò bá kí, ara rẹ̀ á máa le. Bí ó bá pẹ́, á di òkúta, òkúta kì í sì í kú.’ Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó fa okùn kan, ilẹ̀kùn ńlá sì já lulẹ̀ lẹ́yìn mi gbìì. Ó ní, ‘Jọ̀wọ́, fi orí jì mí, òfin ni. Àlejò tí ó bá wọlé kò gbọdọ̀ jáde àyàfi bí ó bá sọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn olúwa wa méjèèjì. Bí ó bá dárúkọ ọ̀kan, inú á bí èkejì, èkejì á sì ní kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn.’ Ó fi ọwọ́ hàn mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn àlejò àtijọ́ jókòó sí, wọ́n ti di òkúta porogodo: oníyọ̀ kan tí igbá iyọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, adẹ́mu kan pẹ̀lú agbè, àti àwọn ọdẹ bíi tèmi. Àyà mi já, n kò ní purọ́ fún yín. Àwẹ̀ró ni mo rí lójú mi, àti Ọdẹ́tọ́lá tí ó ń fọ ẹnu sílẹ̀ de oyin.

Adènà ní kí n má dáhùn kí n tó gbọ́ ìtàn ilé náà, ó sì pe Ìyá Arọ́kin, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ ìtàn àwọn ọba ibẹ̀. Òkúta ti dé ìbàdí ìyá náà, nítorí náà kò lè rìn. Ahun ńlá kan ni ó ń gbé e kiri lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi máa ń pẹ́. Mo kí i, ó mí kanlẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì dẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, ó sì mú mi wo ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, ‘Wo òkúta wọ̀nyí, ọmọ mi. Ọba tí ó kọ́kọ́ jẹ Aládàágún ni ó mọ wọ́n. Ogun lé òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ wọn, iná jó ilé koríko wọn, ó sì búra pé ilé tí òun yóò tún kọ́, iná kò ní rí i jẹ. Òdìkejì adágún ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé òkúta wá. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọba yóò dúró létí omi, yóò máa kí àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwọ lágbájá, kú iṣẹ́, ìyá tèmẹ̀dò, kú ẹrù. Àwọn ènìyàn rò pé amọ̀ ni ó mú òkúta wọ̀nyí mọ́ra. Kò sí amọ̀ níbẹ̀. Ìkíni ni.’ Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà. Òótọ́ ni, kò sí amọ̀.

Ó mú mi dé gbọ̀ngàn. Ìtẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, okùn kan sì gba àárín wọn kọjá, ó gba àgbàlá, ó gba ilé ìdáná. Nínú ilé ìdáná, odó kan ṣoṣo ni ó wà lórí okùn, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìhà méjèèjì ń gún iyán nínú rẹ̀ láìwo ojú ara wọn. Wọ́n fún mi jẹ, ó kúná, ó sì fà. Ó ṣeni láàánú pé ẹni tí ó gún irú iyán bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó dùn. Ìyá Arọ́kin ní, ‘Aládàágún bí ìbejì. Táyé ni Adéṣínà, Kẹ́hìndé ni Adégòróyè. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, èkejì ni yóò ké yéè. Baba wọn wàjà láìsọ ẹni tí yóò jọba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí. Àbúrò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Adéṣínà ní òun ni òun kọ́kọ́ rí oòrùn, òun ni àrẹ̀mọ. Adégòróyè ní òun ni òun rán an pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Ta ni ó ń rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́? Ọ̀kan dúró, èkejì dúró, oòrùn dé àtàrí, kò sẹ́ni tí ó kíni. Olúkúlùkù bá gun ilé ìṣọ́ tirẹ̀ lọ. Àwọn ìránṣẹ́ Adéṣínà kò gbà láti kí àwọn ìránṣẹ́ Adégòróyè, kí ó má baà dà bí ẹni pé olúwa wọn ti gbà. Nígbà tí ó yá, ọkọ kò kí ìyàwó mọ́ bí ìyàwó bá ti wá láti ìhà kejì. Ibi tí a bá a dé nìyí.’

Mo ní, ‘Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ta ni ẹ̀gbọ́n?’ Ó ní, ‘Ọmọ mi, nílé gbogbo ènìyàn, Kẹ́hìndé ni. Nílé ọba, àkọ́bí ni. Èyí sì jẹ́ ilé gbogbo ènìyàn, ó sì jẹ́ ilé ọba.’

Bí a ti jáde sí àgbàlá ni mo rí ẹfọ̀n mi. Ó ti kú, ibi tí ó sì ṣubú sí, orí rẹ̀ wà ní ìhà ti Táyé, ìdí rẹ̀ wà ní ìhà ti Kẹ́hìndé, okùn gba abẹ́ ikùn rẹ̀. Ajá mi dúró tì í, ó ń gbó àwọn tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo pariwo pè é, ‘Máabínúlọ! Máabínúlọ!’

Fèrèsé ṣí lókè ní ìlà-oòrùn gbàà. ‘Ta ni ó ń sọ fún ọba pé kí ó máa bínú lọ?’ Fèrèsé ṣí lókè ní ìwọ̀-oòrùn. ‘Ọdẹ, sọ fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún yẹn pé èmi ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe òun.’ Ti ìlà-oòrùn ní, ‘Ọdẹ, sọ fún un pé bí a bá ń bú ọba, èmi ni a kọ́kọ́ ń bú.’ Mo wo òkè, mo rí orí méjì tí ó jọra bí ẹ̀là obì, irùn wọn funfun, adé kan náà, ìbínú kan náà. Ìyẹn ni Adéṣínà àti Adégòróyè fúnra wọn. Ẹ̀rín gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Àwọn méjèèjì bá jọ ké sílẹ̀ sí mi pé, ‘Àlejò, dáhùn. Ta ni ẹ̀gbọ́n?’

Mo wo oníyọ̀ tí ó di òkúta. Mo ronú kan ilé, ọkàn mi sì lọ sí òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ọmọ mi. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sápò jáde báyìí. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi agbéraga tí ó ń fi ìbora sáré bọ̀ wá kí èmi àbúrò. Ara mi yá gágá.

Mo ní, ‘Kábíyèsí méjèèjì, kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi kúrò nílé. Ìyàwó mi bí ìbejì.’

Ẹ̀yin ará, ta ni Yorùbá tí yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò mú ẹnu dání? Láti fèrèsé méjèèjì, láti ilé ìdáná, láti ẹnu Adènà, wọ́n hó lẹ́ẹ̀kan náà pé, ‘Ẹ kú ewu ọmọ o!’ Òkúta sán níbi gbogbo kẹ́kẹ́kẹ́. Mo ní, ‘Ẹ ṣeun, ire á kárí o. Mo ti ń wá orúkọ tí yóò bá wọn mu, òní ni mo rí i. Táyé mi yóò máa jẹ́ Adéṣínà. Kẹ́hìndé mi yóò máa jẹ́ Adégòróyè. Ọba Adéṣínà, ajórúkọ yín dé, wọ́n bímọ sílé yín lónìí. Ọba Adégòróyè, wọ́n bímọ sílé tiyín náà. Mo wá ń bèèrè o. Bí wọ́n bá bímọ nílé àbúrò, ṣé ẹ̀gbọ́n á jókòó kí àbúrò wá kí òun ni?’

Adéṣínà ní, ‘Èèwọ̀. Ẹ̀gbọ́n á sáré lọ kí i ni.’ Adégòróyè ní, ‘Ìkíni ọmọ tuntun kò mọ àgbà, kò mọ èwe. Ẹni tí kò bá lọ, kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ.’

Mo ní, ‘Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n bímọ sílé méjì nínú ààfin yìí, kò sì sí ẹni tí ó tíì kí onílé.’

Fèrèsé ṣófo. A kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta ní ìhà méjèèjì, kìrì kìrì kìrì, bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Wọ́n jáde sí àgbàlá, adé ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí. Wọ́n pàdé níbi okùn, ẹfọ̀n wà láàárín wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ papọ̀, ẹnu wọn sì là papọ̀: ‘Ẹ kú ewu ọmọ o!’ Etí mi tí ń gbọ́ ìrìn ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ewé gbígbẹ ni mo fi gbọ́ ọ, n kò sì lè sọ ẹni tí ó ṣáájú. Wọ́n wo ara wọn pẹ́. Adégòróyè ní, ‘Ṣé o ti jẹun?’ Adéṣínà ní, ‘N kò tíì jẹun. Ìwọ ńkọ́?’ Wọ́n bá dì mọ́ra wọn, àwọn méjèèjì ń sunkún bí ìkún omi tí a ṣí sílẹ̀. Èmi náà sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìkíni wá bẹ́! Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtijọ́, ṣé àlàáfíà ni ilé wà, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ ń kí ìyàwó, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ju ọmọ odó sílẹ̀ wọ́n ń dì mọ́ra, òkúta ń já lára wọn wàràwàrà. Oníyọ̀ dìde, ó na ara, ó ní, ‘Ẹ kú ọjà o. Ẹ dákun, ṣé ọjà kò tíì tú?’ A kò mọ bí a ó ti sọ ọ́ fún un. Ìyá Arọ́kin sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ahun, ó jó, ó sì ní òun yóò fi tòní kún ìtàn. Adènà ni kò jó. Ó ní, ‘Ẹ rọra o. Orúkọ tí baba kò tíì pè lójú ẹbí ní ọjọ́ ìkómọ kì í ṣe orúkọ. Bí ẹlòmíràn bá sọ àwọn ọmọ náà ní nǹkan mìíràn, kò sí ọmọ nílé ẹnikẹ́ni níhìn-ín, okùn yìí yóò sì padà. Ọjọ́ wo ni ìkómọ?’ Mo ka ọjọ́ sẹ́yìn. Mo ní, ‘Yéè! Ọ̀la ni!’

Bí ẹ bá rí wọn! Adènà ṣí ilẹ̀kùn ńlá, àwọn ọba méjèèjì ni ó gbé ẹfọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n kó mi àti ajá sí i, a wa ọkọ̀ dábùú adágún, a gba ọ̀nà tí ọdẹ kankan kò mọ̀. Gbogbo ará ààfin tẹ̀lé wa, wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n sì ń kí gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lọ́nà, títí kan igi. Ahun Ìyá Arọ́kin náà ní òun ń bọ̀. Kò tíì dé títí di òní yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò dé.

Nígbà tí a yọ sí ojú ọ̀nà ilé wa, agbo ìkómọ ti kún. Ọdẹ́tọ́lá wà láàárín, ó ti ki ìka bọ oyin, ó gbé Táyé mi lọ́wọ́, ó ti ń wí pé, ‘Ọmọ yìí, orúkọ rẹ tí baba rẹ kò wá pè ni Ẹ̀ẹ̀rù…’ Mo gbé ìbọn sókè, mo yìn ín sójú ọ̀run. Gbòlà! Ẹ̀gbọ́n mi gbé oyin náà kan imú ara rẹ̀. Mo kígbe láti ibi tí mo wà, ‘Adéṣínà ni Táyé! Adégòróyè ni Kẹ́hìndé! Èmi baba wọn ni mo pè é!’

Ọdẹ́tọ́lá ní, ‘Adé kẹ̀? Ọdẹ́níran, ọdẹ ni wá nílé yìí. Níbo ni adé ti wọ ìdílé wa?’ Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹ̀yìn mi.’ Ó wò. Ọba méjì ni ó ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé itan ẹfọ̀n kọ́ èjìká, wọ́n dúró níwájú ìyàwó mi, wọ́n jọ tẹ orí ba, wọ́n ní, ‘Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o.’ Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, ‘Baba Ìbejì, mo gbọ́ ohùn yín.’

Ó tán o. Ààfin náà ṣì wà létí adágún, okùn kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ń jókòó lórí ìtẹ́ kan tí wọ́n sọ di gbọọrọ. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi kí Adènà, kí ẹ sì kí i dáadáa, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín fẹ́ bi mí pé nínú àwọn ọmọ mi méjèèjì, ta ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákẹ́ ná. Adéṣínà ń ti oko bọ̀ lẹ́yìnkùlé, Adégòróyè ń ti ọjà bọ̀ lójúde. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn á pàdé níhìn-ín níwájú yín. Ẹ tẹ́tí, kí ẹ wá sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kí èkejì fún mi, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni mo ti ń gbọ́ wọn, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ kú etígbọ́ o.